Jẹ́ Kí Ohun Tí O Kò Mọ̀ Tètè Hàn: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Wọ Yunifásítì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, mo kí yín. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi dà bí èyí tó rọrùn: wọ́n ní kí n sọ ohun tí ǹ bá bá ara mi sọ ká ní mo lè rí ara mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yunifásítì. Ìgbà tí mo jókòó láti kọ ọ́ ni mo rí i pé ọmọ ọ̀hún kò ní gbọ́ tèmi. Ọmọ tí àwọn olùkọ́ ti ń yìn láti kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àṣewọlé, ṣé ìyẹn máa ń gbọ́ràn ni? Nítorí náà, ẹ̀yin ni màá sọ ọ́ fún. Màá máa pe yín ní "ìwọ", kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rò pé òun nìkan ni mò ń bá wí.

Kàwé dáadáa, má bá ẹgbẹ́ búburú rìn, má gbàgbé ọmọ ẹni tí o jẹ́: o ti gbọ́ gbogbo ìyẹn kí o tó kúrò nílé, n kò ní tún un sọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ṣe é kí ohun tí o kò mọ̀ tètè hàn sí ọ, kí ó sì tètè hàn sí ẹni tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní yunifásítì, igi náà kì í pariwo kí ó tó gún ni.

Wo bí ó ṣe rí nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ ń yẹ ìwé rẹ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí nǹkan kò bá yé ọ, ojú rẹ á sọ, wọ́n á pè ọ́ dìde, wọ́n á fi bírò pupa kọ máàkì sí i, ìròyìn á sì dé etí òbí rẹ. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá ọ ṣọ́ àìmọ̀ rẹ. Ní yunifásítì, iṣẹ́ ìṣọ́ yẹn bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún ọ pé ó ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Olùkọ́ á wọlé, á kọ́ igba ènìyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á jáde. Kò mọ orúkọ rẹ. O lè jókòó sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láì lóye nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, kí ìwọ alára má mọ̀, torí pé nígbà tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ bá ń ṣàlàyé, gbogbo rẹ̀ á máa dún létí bí ohun tó ti yé ọ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò ni àṣírí máa ń tú, kò sì sí àtúnṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ìṣirò kékeré kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri yàrá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ká ní ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ rẹ, tí ọdún kọ̀ọ̀kan sì wúwo bákan náà nínú èsì ìkẹyìn. Ká ní 70 nínú 100 ni o fẹ́ fi jáde. Bí o bá gba 50 lọ́dún kìíní, wàá ní láti máa gba nǹkan bí i 77 ní ọdún mẹ́ta tó kù. Bí ó bá jẹ́ 50 lọ́dún kìíní àti lọ́dún kejì, 90 ni wàá máa gbà ní ọdún méjì tó kẹ́yìn. Bí o bá sì fi ọdún mẹ́ta gba 50, ọdún kẹrin á máa béèrè 130 nínú 100 lọ́wọ́ rẹ. Kò sí àdúrà tó ń gba 130. Lóòótọ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í ka ọdún kìíní mọ́ èsì àṣejáde, àwọn mìíràn sì máa ń jẹ́ kí ọdún ìkẹyìn wúwo ju ìyókù lọ. Wá èyí tí tìrẹ ń ṣe mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ níbi tí wọn kò ti ka ọdún kìíní pàápàá, orí rẹ̀ náà ni kọ́ọ̀sì ọdún kejì máa jókòó lé.

Ìwé kíkà ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí jù. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kàwé nìyí: a ka orí kan, a fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò kun ibi tó ṣe pàtàkì, a tún un kà, a tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ̀ lẹ́nu, ọkàn ti balẹ̀, a pa ìwé dé. Ìfọkànbalẹ̀ yẹn ló ń tan ni. Ojú lè dá nǹkan mọ̀ lórí ìwé kí orí má sì lè fà á yọ nígbà tí ìwé bá ti pa dé.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ìrántí ní Yunifásítì Washington tó wà ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kọ́, wọ́n sì pín àkókò fún wọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹgbẹ́ kan fi ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ka àyọkà náà lákàtúnkà. Ẹgbẹ́ mìíràn fi ẹ̀ẹ̀kan péré kà á, wọ́n wá fi ẹ̀ẹ̀mẹta tó kù kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀, láì tún fojú kan àyọkà náà mọ́. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn alákàtúnkà rántí nǹkan bí i 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń dán ara wọn wò rántí nǹkan bí i 61. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìwádìí náà ni pé wọ́n ti bi wọ́n léèrè ṣáájú bí wọ́n ṣe rò pé àwọn máa rántí tó. Àwọn tó gbàgbé jù náà ló fọwọ́ sọ̀yà jù.

Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ ní nǹkan, mú bébà òfìfo kan. Má ṣí ìwé rẹ. Kọ ohun tí olùkọ́ sọ sílẹ̀, ya àwòrán tó yà, gbìyànjú ìṣirò tó ṣe. Ó máa dùn ọ́ bí o bá rí bó ṣe kéré tó. Ibi tí ọwọ́ rẹ ti dúró, fa ìlà sí i, kí o wá ṣí ìwé láti wá ibẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kẹta, tún ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tún ṣe é. Láti ayé ìgbà tí Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti ń fi ara rẹ̀ dán ìrántí wò, tó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1885, la ti mọ bí ìgbàgbé ṣe ń yára tó. Ó há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí àtúnkọ́ wọn ṣe ń gbà á lákòókò tó. Nígbà tí ọjọ́ kan bá fi kọjá, iṣẹ́ tó máa ń kù fún un láti tún ṣe máa ń tó nǹkan bí i ìdá méjì nínú mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ tó nítumọ̀ máa ń pẹ́ lórí ju ìyẹn lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó bí o ṣe rò. Ní 2013, John Dunlosky, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọgbọ́n ìkàwé mẹ́wàá yẹ̀ wò láti inú ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún. Méjì péré ni wọ́n fún ní ipò tó ga jù: kí ènìyàn máa dán ara rẹ̀ wò, àti kí ó pín ìkàwé sí ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìlà yẹ́lò àti àkàtúnkà wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn kọ ìdáhùn wà nínú fóònù gbogbo yín báyìí, n kò sì ní díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀. Lò ó kó máa bi ọ́ ní ìbéèrè. Inú mi á dùn sí i. Bí o bá fún un ní iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún ọ pé kó bá ọ ṣe é, olùkọ́ á rí iṣẹ́ tó dára, ìwọ á rí máàkì, àìmọ̀ rẹ á sì jókòó síbi tó wà, kò ní sẹ́ni tó rí i.

Ó ku kí àìmọ̀ náà hàn sí ẹlòmíràn. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ nira. Olùkọ́ béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ìwọ mọ̀ nínú ara rẹ pé ojú ló ń tì ọ́ tí o kò fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o wo àwọn tó kù, o sì rò pé wọ́n dákẹ́ torí pé ó yé wọn. Ẹni tó jókòó tì ọ́ náà ń wò ọ́, ohun kan náà ló sì ń rò nípa rẹ. Dale Miller àti Cathy McFarland, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ nípa irú ìdákẹ́ yìí ní 1987: oníkálukú ka ìdákẹ́ tirẹ̀ sí ìtìjú, ó sì ka ti ẹlòmíràn sí òye. Bí o bá nawọ́ sókè, ọ̀pọ̀ ló máa mí kanlẹ̀, wọn kò sì ní sọ fún ọ.

Bí o kò bá lè nawọ́ sókè níwájú igba ènìyàn, lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ní wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó wà nínú ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Èmi náà ti jókòó ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Àga àlejò ni èmi àtòun jọ máa ń wo ojú ara wa, àfi bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí èrò á wá tò dé ẹnu àtẹ̀gùn. Lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Má kàn wọlé kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi." Kí ni kò yé ọ? Ìyẹn kò ṣeé dáhùn. Mú iṣẹ́ rẹ dání, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣe é dé ìlà kẹrin. N kò rí bí wọ́n ṣe bọ́ sí ìlà karùn-ún." Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìdáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń gbà, orúkọ rẹ á sì wọ orí olùkọ́ náà.

Kí o má sì rò pé ojú rere ni wọ́n ń ṣe ọ́. Ní Bologna, ní Ítálì, níbi tí wọ́n ka 1088 sí ọdún ìdásílẹ̀ yunifásítì wọn, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́ láyé àtijọ́, wọ́n sì máa ń bu owó ìtanràn lé olùkọ́ tó bá pẹ́ dé. N kò ní kí ẹ dá àṣà yẹn padà o. Ṣùgbọ́n nítorí yín ni wákàtí yẹn fi wà.

Àwọn ọ̀rẹ́ náà wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Wá ẹni méjì, kí ẹ jọ máa ṣàlàyé kọ́ọ̀sì fún ara yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tó ń ṣàlàyé má di ìwé mú. Bí ẹ bá ti ju mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà ló máa ń dà.

Àìmọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ìwé, òun ló sì máa ń lé ọmọ tó mọ̀wé padà sílé nígbà mìíràn. Ọmọ tó ti ń gba ipò kìíní láti kékeré dé àárín àwọn tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń gba ipò kìíní níbi tí wọ́n ti wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Wọ́n ṣèèṣì mú mi ni. Ibí kì í ṣe ibi tèmi." Kò mọ̀ pé ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Gregory Walton àti Geoffrey Cohen, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣe ìwádìí kan lórí èyí ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣáájú wọn kà, tí wọ́n ń sọ pé àwọn náà kọ́kọ́ rò pé àwọn kò bá ibẹ̀ mu, pé ó lọ nígbà tó yá. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí i wákàtí kan lọ. Láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ tó kópa gòkè débi pé àlàfo tó wà láàárín wọn àti àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì. Nígbà tí ọmọ bá ti mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ló ń la irú rẹ̀ kọjá, máàkì burúkú kan á padà di máàkì burúkú lásán, kò ní rí i bí ẹ̀rí pé kí òun kó ẹrù òun. Nítorí náà, lóṣù àkọ́kọ́, sọ ọ́ fún ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Bí ó bá wúwo ju ìyẹn lọ, tí oorun kò wá mọ́, tí o kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn ni kí o gbà lọ. Má dúró di ìgbà tí sáà bá parí.

Ti owó: kọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Ti oorun: sùn ní alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ọpọlọ ń to ohun tí o kọ́ jọ nígbà tí o bá sùn. Mo ti kọjá níbẹ̀.

Ti àkókò ni kò ṣeé kọjá bẹ́ẹ̀, torí pé bí iṣẹ́ ṣe máa pẹ́ tó wà lára ohun tí ọmọ ènìyàn kò mọ̀ rárá. Ní 1994, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣejáde sọ ọjọ́ tí wọ́n rò pé yóò gbà wọ́n. Wọ́n ní nǹkan bí i ọjọ́ 34. Wọ́n tún bi wọ́n pé, bí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan bí i 49. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí i 55. Ṣé o rí i pé ìṣòro tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀ pàápàá kò tó èyí tí wọ́n bá pàdé. N kò mọ oògùn kankan fún èyí ju pé kí o bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e fún ọ. Wákàtí kan tó. Ohun tí o máa bá pàdé nínú wákàtí yẹn, ìwé tí kò sí nílé ìkàwé, ìbéèrè tí o ṣì gbọ́, ni yóò sọ bí iṣẹ́ náà ṣe gùn tó fún ọ.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí o yàn gan-an ni kò bá ọ mu ńkọ́? Charles Darwin, tó padà di gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, rán an lọ kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh ní 1825. Ó wo iṣẹ́ abẹ méjì láyé ìgbà tí kò tíì sí oògùn akunilóorun, ọ̀kan nínú wọn lára ọmọdé, ó sì sá jáde kí wọ́n tó parí. Ó kúrò níbẹ̀ ní 1827. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ kàwé ní Cambridge kó lè di àlùfáà. Ìyẹn náà kò gba ọkàn rẹ̀ tó kòkòrò tó ń kó jọ kiri. Ibẹ̀ ló ti pàdé John Stevens Henslow, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko, tí wọ́n jọ ń rìn káàkiri débi pé àwọn olùkọ́ kan kàn ń pè é ní ẹni tó máa ń bá Henslow rìn. Ní August 1831, Henslow kọ lẹ́tà sí i pé ọkọ̀ ojú omi Beagle ń wá onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí tó máa bá wọn rin ìrìn àjò. Ó sọ ọ́ láì fi bò pé òun kò dárúkọ rẹ̀ bí ẹni tó ti di onímọ̀ tán, bí kò ṣe bí ẹni tó mọ bí a ṣe ń kó nǹkan jọ, bí a ṣe ń ṣàkíyèsí, àti bí a ṣe ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ọkọ̀ ṣí ní December 27 ọdún yẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún kí ó tó padà.

Henslow mọ ibi tí ìmọ̀ ọmọ yìí dé àti ibi tí kò dé, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí rẹ̀ fi níyì. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́ kò lè kọ ju pé o wá sí kíláàsì, o sì gba máàkì báyìí. Ṣùgbọ́n wo ìgbà tí Darwin kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà: lẹ́yìn ọdún méjì. Mo ti rí àwọn tó mọ̀ lọ́dún kìíní pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ kì í ṣe tiwọn, tí wọ́n fi ọdún márùn-ún parí rẹ̀ torí ojú àwọn ará ilé. Kí o tó sá, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀kọ́ náà ni kò wọ̀ ọ́ tàbí olùkọ́ kan ṣoṣo ni o kò fẹ́ràn. Lọ jókòó nínú kíláàsì ẹ̀ka tí ọkàn rẹ ń fà sí, kí o gbọ́ bí ọjọ́ lásán ṣe rí níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ èyí tó máa bá ọ lọ nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí o ti ṣe. Lẹ́yìn náà, bá àwọn òbí rẹ sọ̀rọ̀, kí o mú ìdáhùn wọ̀nyẹn dání.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọjọ́ kan wà láàárín sáà tí ó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn láti yọ kọ́ọ̀sì kúrò láì jẹ́ pé ó kan èsì rẹ. Ó máa ń bọ́ sí ìgbà tí ènìyàn kò tíì rò pé ewu wà. Ó wà nínú kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́. Wá ọjọ́ náà lónìí, kọ ọ́ sínú fóònù rẹ, kí o sì kọ òmíràn sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ òmíràn yẹn, mú bébà òfìfo fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí o wo èyí tí ọwọ́ rẹ kò lè kọ nǹkan kan sí.